Ogun Erékùṣù Aleutian: Ìtàn Àwọn Onílẹ̀ tí Ogun Lé Nílé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn bí a ti ń ka ìtàn ogun kan tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn kì í fún ju gbólóhùn méjì lọ. Ọdún 1942 àti 1943 ni wọ́n jà á, nínú ogun àgbáyé kejì tí àwọn àgbà Yorùbá ń pè ní ogun Hitler. Àwọn erékùṣù Aleutian ni ojú ogun náà, níbi tí òtútù, ìjì líle àti kùrukùru ti jọ ń ṣe olórí.

Bí ènìyàn bá wo àwòrán ilẹ̀ ayé, yóò rí Alaska ní ìkángun ìwọ̀-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ni àwọn erékùṣù wọ̀nyí ti tò tẹ̀lé ara wọn lójú òkun bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, tí wọ́n dorí kọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Gígùn wọn tó nǹkan bí 1,900 kìlómítà. Òkè tí ń yọ iná pọ̀ nínú wọn. Igi ńlá ṣọ̀wọ́n. Koríko ni ó bo ilẹ̀, omi sì kún abẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń rì sínú ẹrẹ̀. Attu ni ó wà ní ìpẹ̀kun pátápátá. Kiska wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Unangax, tí àwọn ará Rọ́ṣíà sọ ní Aleut, ni onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n ti ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n sì ń dọdẹ ẹran inú òkun. Rọ́ṣíà ni ó kọ́kọ́ jẹ gàba lé wọn lórí, kí Amẹ́ríkà tó ra gbogbo Alaska ní ọdún 1867.

Ní oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1941, Jàpáànì kọlu Pearl Harbor, Amẹ́ríkà sì wọ ogun. Nígbà tí ó di ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 4, oṣù Òkúdù, ọdún 1942, ọkọ̀ òfurufú Jàpáànì ju bọ́ǹbù sí Dutch Harbor, ibùdó ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní apá ìlà-oòrùn àwọn erékùṣù náà. Ní ọjọ́ 6 wọ́n gba Kiska. Ní ọjọ́ 7 wọ́n gba Attu. Wọ́n fẹ́ dí ọ̀nà àríwá, kí Amẹ́ríkà má baà gba ibẹ̀ wá bá wọn nílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjà ojú omi ńlá ti Midway ń lọ lọ́wọ́, Midway ni gbogbo ojú sì wà. Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá kò fẹ́ kí àwọn oníròyìn pariwo pé ọ̀tá ti tẹ ilẹ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbé ṣe bẹ̀rẹ̀ kí ogun tó parí.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Amẹ́ríkà gbọ́ nípa ogun yìí tẹ́lẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn wọn ti tú èdè ìkọ̀kọ̀ tí Jàpáànì fi ń ránṣẹ́. Síbẹ̀, wọn kò kó àwọn ará Attu kúrò lọ́nà. Nǹkan bí 40 Unangax ni ó wà ní abúlé náà, tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú tọkọtaya òyìnbó kan: Foster Jones, tí ń fi rédíò ránṣẹ́, àti Etta, ìyàwó rẹ̀, tí ó jẹ́ olùkọ́. Ọkọ bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Wọ́n kó ìyàwó lọ sí àhámọ́ ní Jàpáànì títí ogun fi parí. Àwọn Unangax pẹ̀lú di ẹrú ogun. Ìlú Otaru, ní erékùṣù Hokkaido, ni wọ́n kó wọn lọ, wọ́n sì ń mú wọn wa amọ̀. Oúnjẹ kò tó, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì wọ àárín wọn. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1945, ikú ti mú nǹkan bí ìdajì wọn lọ.

Ọjọ́ 11, oṣù Èbìbí, ọdún 1943 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Attu láti gbà á padà. Ilẹ̀ gbígbóná California ni wọ́n ti kọ́ àwọn tí wọ́n rán lógun, nítorí pé aṣálẹ̀ ni wọ́n rò pé wọn yóò ti jà tẹ́lẹ̀. Bàtà àti aṣọ wọn kò gba òtútù dúró. Omi yìnyín wọ inú bàtà, ẹsẹ̀ wú, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rà, títí wọ́n fi gé ti àwọn mìíràn. Àwọn ará Jàpáànì wà lórí òkè, kùrukùru bò wọ́n. Wọ́n ń rí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ kò rí wọn. Ìjà tí àwọn ọ̀gágun rò pé yóò tán láàárín ọjọ́ díẹ̀ gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 29 tó mọ́, Ọ̀gágun Yasuyo Yamasaki kó ìyókù àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, wọ́n sì ya lu ọ̀tá láìbìkítà fún ẹ̀mí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìbọn kò pa ni ó fi bọ́ǹbù ọwọ́ pa ara wọn.

Òkú Jàpáànì tí Amẹ́ríkà kà jẹ́ 2,351. Àwọn tí wọ́n mú láàyè kò tó 30. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà 549 ni ó kú, 1,148 fara gbọgbẹ́, òtútù sì ṣe nǹkan bí 1,200 mìíràn lọ́ṣẹ́. Paul Tatsuguchi, oníṣègùn ọmọ Jàpáànì tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní California, wà lára àwọn tí ó kú. Nínú ìwé tí ó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí, ó dágbére fún ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ti gbàwé ẹ̀rí ni ogun wá sọ di ọ̀tá rẹ̀.

Ti Kiska yàtọ̀. Ní ìparí oṣù Agẹmọ ọdún kan náà, ọkọ̀ ojú omi Jàpáànì fi kùrukùru bojú wọ èbúté. Láàárín nǹkan tí kò tó wákàtí kan, wọ́n ti kó ọmọ ogun wọn tí ó lé ní 5,000 lọ, Amẹ́ríkà kò sì mọ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù Ògún, ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti Kánádà tí ó lé ní 34,000 gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ajá mélòó kan ni wọ́n bá. Síbẹ̀, àwọn kan kú: nínú kùrukùru, ọ̀rẹ́ ń yìnbọn fún ọ̀rẹ́, bọ́ǹbù tí ọ̀tá rì mọ́lẹ̀ sì ń dún. Ọkọ̀ ogun Abner Read kọlu irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ lójú omi, nǹkan bí 70 atukọ̀ sì ṣòfò.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn máa ń parí ìtàn náà sí: wọ́n gba ilẹ̀ padà, ó tán. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n gba ilẹ̀ padà fún?

Kété lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bọ́ sí Dutch Harbor ní ọdún 1942 ni ìjọba Amẹ́ríkà kó Unangax 881 kúrò ní abúlé mẹ́sàn-án, ní àwọn erékùṣù Aleutian àti Pribilof. Wọ́n ní ààbò ni àwọn ń wá fún wọn. Ẹrù díẹ̀ ni wọ́n gbà kí wọ́n mú dání. Ní Atka, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fúnra wọn ni ó dáná sun abúlé àti ilé ìjọsìn, kí ọ̀tá má baà rí ilé wọ̀. Ní Unalaska, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ya ènìyàn sọ́tọ̀: Unangax gbọ́dọ̀ lọ, òyìnbó lè dúró. Bí ó bá jẹ́ ààbò lásán ni, bọ́ǹbù kì í bi ènìyàn léèrè ìran rẹ̀.

Apá gúúsù Alaska ni wọ́n kó wọn lọ, sínú àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo, tí òrùlé wọn ń jò. Omi mímu kò mọ́, oníṣègùn kò tó. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ó kú, pàápàá àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1943, ìjọba mú àwọn ọkùnrin Pribilof padà sí ilẹ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀ láti pa ẹran òkun tí a ń pè ní síìlì, nítorí pé awọ rẹ̀ ń mú owó wọlé fún ìjọba. Ibi tí wọ́n ní kò sí ààbò fún ìdílé wọn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ yìí.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò bá ilé mọ́. Àwọn ọmọ ogun ti fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ti kó ẹrù àti àwòrán mímọ́ inú ilé ìjọsìn. Ìjọba kò gbà kí àwọn ará Attu tí ó ti Jàpáànì dé padà sí abúlé wọn. Atka ni púpọ̀ nínú wọn lọ ń gbé. Abúlé Biorka, Kashega àti Makushin pẹ̀lú di ahoro lẹ́yìn ogun. Ọdún 1988 ni òfin kan tí Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí tó tọrọ àforíjì, tí ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó ṣì wà láàyè nínú àwọn tí ìjọba kó kúrò nílé ní dọ́là 12,000. Ó ti lé ní 40 ọdún nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ti kú.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Nínú ogun Hitler kan náà, àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn ará Nàìjíríà tí ó bá Jàpáànì jà nínú igbó Bọ́mà, àmọ́ orúkọ wọn kò wọ́pọ̀ nínú ìwé. Ìtàn ogun fẹ́ràn láti ka ìlú tí a gbà àti orúkọ ọ̀gágun. Ẹni tí kò gbé ìbọn, tí a kàn gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn a máa kọjá lára rẹ̀.

Ní ọdún 2012 ni ìwé Attu Boy jáde, tí Nick Golodoff kọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí Jàpáànì wọ Attu, ó lọ sí Otaru, ó sì padà wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá dé orí ogun àgbáyé kejì nínú kíláàsì, kí ó fi ìbéèrè kan kún iye òkú àti ọjọ́ ìjà: ta ni ó ni ilẹ̀ tí wọ́n jà lé lórí, ǹjẹ́ ó sì padà sílé? Ní Attu, ìdáhùn rẹ̀ ni pé Amẹ́ríkà gba erékùṣù padà, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ kò rí i gbà.