Omi tó ń dúró nínú bídọ̀n ẹ̀fọ́

Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá ń rọ̀ léraléra, ẹ̀fọ́ tí a gbìn sínú bídọ̀n tàbí bàsíà lẹ́bàá ilé máa ń rọ, ewé ìsàlẹ̀ á sì pọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, wọ́n á tún bu omi sí i. Ẹ kọ́kọ́ ki ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ ná. Bó bá tutù tó tún ń rùn, gbòǹgbò ni kò rí afẹ́fẹ́. Omi mìíràn á pa á ni.

Ihò ló ṣe pàtàkì jù. Fún bídọ̀n 25 lítà, a máa ń lu ihò 6 sí 8, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ ki ìṣó ńlá bọ iná, á wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ lu 2 nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́, nítòsí ìdí, torí bí ìdí bá lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, ihò ìsàlẹ̀ á dí. Kẹ́ ẹ sì gbé e ka òkúta mẹ́ta bíi ti ààrò.

Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa pé ká tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kí omi lè ṣàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Omi kì í tètè kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú òkúta. Ó máa ń dúró lókè òkúta títí iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ á fi rin gbingbin. Òkúta ọ̀hún kàn ń gbé ẹrẹ̀ súnmọ́ gbòǹgbò ni. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ègé fóòmù ibùsùn: ẹ rì í sómi, ẹ gbé e lélẹ̀ gbalaja lórí ọwọ́ títí á fi dẹ́kun kíkán, kẹ́ ẹ wá gbé e nàró. Omi á tún jáde! Ìdí nìyẹn tí ohun tó ga fi dára ju bàsíà pẹlẹbẹ lọ fún tòmátì àti ata. Àkísà àwọ̀n ẹ̀fọn ti tó láti bo ihò.

Iyẹ̀pẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ pupa Kétu, tí àwọn olùkọ́ ń pè ní terre de barre, dára lóko, ṣùgbọ́n ó máa ń ki pọ̀ nínú bídọ̀n. Àwa a máa po abọ́ 1 rẹ̀ mọ́ abọ́ 1 yanrìn odò àti abọ́ 1 ààtàn tó ti jẹrà dáadáa. Ẹ má bu yanrìn òkun o, iyọ̀ inú rẹ̀ ń pa irúgbìn.

Bídọ̀n tó ti gba oògùn kòkòrò òwú rí kò yẹ fún ẹ̀fọ́ tí a ó jẹ, bó ti wù ká fọ̀ ọ́ tó. Bí ẹ bá sì gbé àwo sábẹ́ bídọ̀n, ẹ máa da omi rẹ̀ nù, torí ẹ̀fọn ń yé ẹyin síbẹ̀.