Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì: Láti New York Dé Ìkòròdú

Ní àdúgbò Greenwich Village ní New York, ilé alájà mẹ́wàá kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ń wọ̀, tí wọ́n ń jáde. Yunifásítì New York ló ni ín, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1911, ilé iṣẹ́ ìránṣọ tí wọ́n ń pè ní Triangle ló wà ní àjà mẹ́ta tó wà lókè pátápátá. Búláòsì obìnrin ni wọ́n ń rán. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń múra àtilọ sílé, ni iná bá ṣẹ́ ní àjà kẹjọ. Ènìyàn 146 ló bá a lọ. Obìnrin ni 123 nínú wọn. Ọmọ Júù àti ọmọ Ítálì tí wọn kò tíì pẹ́ ní Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn, àìmọye nínú wọn ni kò sì ju ọjọ́ orí tiwa yìí lọ.

Kì í ṣe iná nìkan ló pa wọ́n. Ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn àjà kẹsàn-án wà ní títì pa. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọ̀gá fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde, kí wọ́n lè yẹ àpò wọn wò bóyá wọ́n jí aṣọ. Àtẹ̀gùn irin tó wà lẹ́yìn ilé já nígbà tí èrò pọ̀ jù lórí rẹ̀. Àkàsọ̀ àwọn panápaná kò gùn kọjá àjà kẹfà. Àwọn tí iná ká mọ́ ń fò láti ojú fèrèsé.

Ìdí tí a fi ń sọ ìtàn ilẹ̀kùn yìí ni pé láìpẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò lọ fún SIWES. A óò gba lẹ́tà, a óò wọ ilé iṣẹ́ tí a kò dé rí, ẹnì kan yóò sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn wa. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ilẹ̀kùn náà ti ṣe fún àwọn tó ṣáájú wa.

Ẹnì kan lè rò pé ní 1911, ojú àwọn ènìyàn kò tíì là sí irú nǹkan báyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1883, ní gbọ̀ngàn Victoria Hall ní Sunderland, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdé 183 kú níbi tí wọ́n ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ gba ẹ̀bùn, nítorí pé ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kò ṣí ju ibi tí ọmọ kan ṣoṣo lè gbà kọjá lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 1892, ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ Robert Alexander Briggs gba ìwé ẹ̀rí lórí irú ìdè ilẹ̀kùn kan tí èèyàn kàn máa fi ara tì láti inú, tí yóò sì ṣí. Irú rẹ̀ ni ọ̀pá gbọọrọ tí ẹ máa ń rí lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ńlá títí dòní. Nítorí náà, ọdún 19 kí iná Triangle tó jó ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Òfin náà wà nílẹ̀. Òfin New York ti sọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ pa nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn náà ti pariwo. Ní 1909, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tó ń ránṣọ ní New York daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ti Triangle sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá Triangle kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní àdéhùn. Lẹ́yìn iná náà, wọ́n gbé àwọn ọ̀gá méjèèjì lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá 1911, adájọ́ dá wọn sílẹ̀, nítorí pé kò dá ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà lójú pé àwọn ọ̀gá mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Ní 1913, wọ́n tún ká ọ̀kan nínú wọn mọ́ ibi tó ti ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn pa. Owó ìtanràn tó san jẹ́ 20 dọ́là.

Kí ló wá yí padà? Obìnrin kan tó ń jẹ́ Frances Perkins wà nítòsí lọ́jọ́ náà, ó sáré dé ibẹ̀, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn tó ń já bọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ New York gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, Perkins bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n ń wọ ilé iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Òfin tó lé ní ọgbọ̀n ló ti inú rẹ̀ jáde láàárín ọdún díẹ̀. Ní 1933, Perkins di mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ wálé. Láti 1941 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Ní 1955, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ilé iṣẹ́. Òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1987, òun sì ni a ṣì ń lò. Ó sọ ọ́ kedere pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé, ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ wà ní títì lọ́nà tí kò fi ní í ṣeé ṣí kíákíá láti inú. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná sọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Odogunyan, Ìkòròdú. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jóná mọ́lé, nítorí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọdún 91 lẹ́yìn Triangle, ilẹ̀kùn kan náà. Ní 2020 pàápàá, nígbà ìsémọ́lé Kòrónà, àwọn ọlọ́pàá tú nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìrẹsì kan ní Kánò, níbi tí wọ́n ti tì wọ́n mọ́ láti máa ṣiṣẹ́.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé òfin tí kò ní olùbẹ̀wò, bí ajá tí kò léyín ni. Lábẹ́ òfin 1987 yìí, bí àìbìkítà ọ̀gá bá tilẹ̀ pa ènìyàn, owó ìtanràn rẹ̀ kò ju 5,000 náírà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adájọ́ tún lè fi í sẹ́wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ. Kí ni 5,000 náírà lè rà lónìí?

Ẹ fi wé ti Bangladesh. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 2013, ilé Rana Plaza wó pa ènìyàn 1,134. Ó ku ọ̀la ni àwọn òṣìṣẹ́ ti rí i pé ògiri là, wọ́n sì ní kí wọ́n padà wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ra aṣọ àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn kan tó dè wọ́n lábẹ́ òfin. Olùbẹ̀wò tí kì í ṣe ọmọ abẹ́ ọ̀gá ni wọ́n rán lọ, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i, òṣìṣẹ́ sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ láti wọ ilé tó léwu. Yíyọ àgádágodo kúrò lẹ́nu ọ̀nà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè.

Lóde òní, ilẹ̀kùn ti di ti káàdì àti ìtẹ̀ka. Èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa yóò ṣí fúnra rẹ̀ bí agogo iná bá ké tàbí bí iná mànàmáná bá lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún fi ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo kún un nítorí olè, ọgbọ́n 1892 ti bà jẹ́ nìyẹn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ fún SIWES, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wá ọ̀nà àbájáde kejì, kí ẹ sì tì í wò bóyá ó ń ṣí. Òfin owó gbà-má-bínú ti 2010 ka ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà mọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ wo ilé tí ẹ ń gbé pẹ̀lú: irin ojú fèrèsé yín, ṣé ó ṣeé ṣí? Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ géètì lóru? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í mọ́ wa.