Ta Ló Di Asẹ́ Mú?

Ọdún 1939 ni ìjọba amúnisìn gbé asọ̀rọ̀mágbèsì wọ Ìbàdàn. Kì í ṣe rédíò tí a mọ̀ lónìí o. Wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọnú ilé, àpótí kan á wà níbẹ̀ tí á máa sọ̀rọ̀, onílé á sì máa sanwó rẹ̀. Kò sí pé o fẹ́ yí i sí ilé iṣẹ́ míì. O lè gbé ohùn rẹ̀ sókè, o lè dín in kù, ó parí. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni bàbá, ìyá àti ọmọ jọ máa gbọ́. Asẹ́ wà nígbà náà, bí asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì, àmọ́ kì í ṣe òbí ló dì í mú.

Ní 1953, Awólọ́wọ̀ fẹ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ tí Gómìnà Macpherson sọ lórí rédíò, wọn ò fún un láyè. Ó wà lára ohun tó bí WNTV, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní October 31, 1959, tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Asẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Síbẹ̀, tí alẹ́ bá lẹ́, tẹlifíṣàn á pa, ọmọ á lọ sùn.

Íntánẹ́ẹ̀tì kì í sùn ní tiẹ̀. GSM dé ní 2001, káfé gba Agbowó kan, nígbà tó yá router wọ pálọ̀ wa. Àwa òbí ló wá di asẹ́ mú báyìí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Orúkọ ìkànnì ni fóònù mọ̀, nọ́ńbà ló nílò kó tó lè débẹ̀, DNS ló sì ń bi. Ní April 2020, Cloudflare gbé 1.1.1.3 àti 1.0.0.3 jáde. Tí o bá bi wọ́n ní ọ̀nà ilé oníhòòhò, wọn ò ní júwe rẹ̀ fún ẹ. Wọ inú ètò router, fi méjèèjì sí àyè DNS, kí o sì yí password admin padà.

Mo ṣe é nílé wa ní Bódìjà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo ká VPN mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́. Mo pariwo. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣebí ẹ̀yin náà lo VPN nígbà tí wọ́n ti Twitter?"

Òótọ́ ni. Láti June 5, 2021 títí di January 13, 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi tì í. Ọ̀pọ̀ nínú wa gba ẹ̀yìn wọlé, a sì ń fi yangàn lójú àwọn ọmọ wa. Ìjọba ò bi wá ní nǹkankan kó tó tì í. Èmi náà ò bi ọmọ mi.

Mi ò yọ asẹ́ náà. Ọmọ ọdún méjìlá ni, àwọn nǹkan kan ò tíì yẹ lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé ohun tí mo tì àti ìdí tí mo fi tì í. A fẹnu kò pé tó bá rí ibi tí kò yẹ kí n tì, kó wá sọ, màá dá a lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ojú ìwé kan tí tíṣà ní kí àwọn kà ò ṣí. Mo tan hotspot fóònù mi, a jọ kà á.