Bóòtì Ilé Kì í Ṣe Ìdákọ̀ró

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé onígi kò gba àríyànjiyàn. Ìṣó ni ìṣó, pákó ni pákó, bóòtì sì ti di ọmọ ilé lẹ́nu káfíńtà àti mẹkáníìkì. Ẹni tó bá ní kí a wá orúkọ mìíràn fún un kàn fẹ́ fi àkókò ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n lórí bóòtì tó de igi ìsàlẹ̀ ògiri mọ́ ìpìlẹ̀, tí ipá ìjì tàbí ìmìtìtì ilẹ̀ ń gbà kọjá, ni wàhálà wà. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi sọ ọ́ lórúkọ, olùtumọ̀ tó bá ń kánjú a sì pè é ní “ìdákọ̀ró” bẹ́ẹ̀. N kò gbà.

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: ohun tó dá ọkọ̀ ró. Ọkọ̀ tí a dá ró ṣì ń fì, ó ṣì ń yí kiri dé ibi tí okùn rẹ̀ gùn mọ. Ilé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà ìmìtìtì ilẹ̀ Loma Prieta ní California, 17 October 1989, àwọn ilé onígi kan ní Watsonville àti Santa Cruz yọ̀ kúrò lórí ìpìlẹ̀, torí pé kò sí bóòtì tó dè wọ́n mọ́ ọn. Àwọn kan lè ní Bíbélì ti lo ìdákọ̀ró fún ìrètí, tí kì í ṣe ọkọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àfiwé nìyẹn. Orúkọ tó sọ iṣẹ́ ni akọ́lé ń fẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún sì jẹ́ méjì: bóòtì ń dènà sísún, irin tó di ẹsẹ̀ ògiri mú ń dènà dídìde, nítorí bí a bá ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan a fẹ́ gbéra nílẹ̀. “Ìdákọ̀ró” da méjèèjì pọ̀.

Mo dábàá “akọ̀sún” fún ti àkọ́kọ́, “akọ̀dìde” fún èkejì, mo sì fi “akọ̀fì” kún un fún ògiri fúnra rẹ̀, èyí tí pákó tí a kàn bò ó kò jẹ́ kó fì. Ẹlòmíràn yóò ní “aláìsún” ló bá gírámà mu jù. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò tì rí lè jẹ́ aláìsún. Akọ̀sún ni a tì, tó yarí. Bí wọ́n bá ní irin kò lẹ́nu tí yóò fi kọ̀, ṣebí a máa ń sọ pé iná kọ̀, kò jó, ilẹ̀kùn kọ̀, kò ṣí? Àǹfààní orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé káfíńtà tó gbọ́ wọn ti mọ jàǹbá tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá gbàgbé ọ̀kan.