Epo Pupa, Irin àti Àwa Ìkálẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí a dárúkọ ohun tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, ọ̀dà àti kẹ́míkà òyìnbó ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. A ti gbàgbé pé epo pupa, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní Òkìtìpupa, ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ní Wales.

Kí Amẹ́ríkà tó fi owó bodè ńlá lé ọjà wọn lọ́dún 1891, Gúúsù Wales ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú páànù agolo tí ayé ń lò. Wọ́n á fi ásíìdì fọ irin pẹlẹbẹ, wọ́n á rì í sínú epo pupa gbígbóná, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó rì í sínú tánganran yíyọ́. Omi àti ọ́síjìn ló ń mú irin dípẹtà. Epo náà á lé omi kúrò, kò sì ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan irin títí tánganran á fi lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́dún 1861. Ní àwọn ọdún 1870, ọ̀nà tí Gómìnà Glover là gba ojú ọ̀sà dé Atìjẹ́rẹ̀, ó gba Ayésàn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lọ sí Oǹdó. Láti Èkó ni epo ilẹ̀ Yorùbá ti ń wọkọ̀ lọ sí Liverpool. Epo lọ nínú àgbá; agolo ló padà wá, a sì fowó rà á.

Lónìí, nítorí pé kírómétì tí wọ́n ń fi dáàbò bo irin lè fa jẹjẹrẹ, àwọn onímọ̀ ń dán pólímà tó lè jẹrà wò: sítáàṣì inú gbágùúdá, àti chitosan láti ara èèpo edé àti alákàn. Mólékù wọn gùn bí ẹ̀wọ̀n, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ojú irin. Ṣùgbọ́n sítáàṣì ń fa omi mu, kòkòrò àìrí sì ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ nǹkan mìíràn.

Gbágùúdá la fi ń ṣe pupuru. Edé kún ọwọ́ àwọn Ìlàjẹ aládùúgbò wa. Yunifásítì Olúṣẹ́gun Agagu náà wà ní Òkìtìpupa. Ẹ̀kọ́ tí epo kọ́ wa ni pé ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń fi nǹkan ṣe ló ń jèrè ju ẹni tó ni ín lọ. Ẹ̀yin tó ń ka kẹ́mísírì láàárín wa, ẹ wá iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá yín síbí, kí èèpo edé náà tó wọkọ̀ lọ.