Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Hẹ́dìfóònù Olówó Ńlá: Ṣé Ó Tó Iye Tí Wọ́n Ń Pè É?

  

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan wá sí ìsọ̀ wa, kò tiẹ̀ jókòó. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Yunifásítì Bìní ló fi àwòrán hẹ́dìfóònù kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, pé èyí lòun fẹ́, pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ti ní in. Ìyá náà wo iye tó wà lábẹ́ àwòrán, ó ní òòyì kọ́ òun. Ó ní: “Bàbá Ìbejì, Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ ń ta nǹkan wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má purọ́ fún mi. Kí ló wà nínú ohun tí wọ́n ń fi bo etí yìí tó fi ju owó ilé tí mò ń san lọ́dún lọ?”

Àwa méjèèjì, tọkọtaya, wo ara wa. Ẹni tó ń tajà kì í fẹ́ràn irú ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti jọ jẹ́ àlejò, ọmọ ìyá ni gbogbo wa. Èsì tí a fún un lórí ìdúró kò tẹ́ àwa gan-an lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí a fi jókòó, tí a tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ́ pé nǹkan olówó iyebíye kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìlú tí a ń gbé yìí gan-an, kí àwọn Potogí tó dé ibí ṣáájú ọdún 1500 ni wọ́n ti mọ iyì ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí àwọn Potogí wá ń gbé ìyùn wá láti òkun ọ̀nà jíjìn, Ọba Bìní ló ń fi í dá àwọn ìjòyè lọ́lá. Ìyùn kì í ṣe iṣẹ́ kankan lọ́rùn, kò gbin iṣu, kò lé òtútù. Ọlá ló ń sọ. Àwa náà ní ilé ní sányán. Kòkòrò inú igbó ló ń ta òwú rẹ̀, ènìyàn á wá a kiri, á sè é, á fi ọwọ́ ran án, kí ahunṣọ tó dé ìdí òfì. Ẹni tó bá mọ wàhálà yẹn kò ní bá olówó sányán jà. Àwọn bàbá wa ló ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn sí nǹkan kan: ìyùn àti sányán, ọmọ ló ń jogún wọn. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ti ohùn gbígbọ́, ọdún 1935 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rédíò wọ ilé ní Èkó. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré ni, wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri, ohun tí wọ́n bá rán láti orísun náà nìkan lo máa gbọ́. Olówó oṣooṣù ni. Àwọn bàbá wa wò ó pé ó ń dá sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni, wọ́n sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹni tí ó bá ní in, gbajúmọ̀ ni. Síbẹ̀, kò lè dá gbọ́ ọ. Bí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀, ará ilé, ayálégbé, ọmọ ìta, gbogbo wọn á péjọ sábẹ́ fèrèsé. Owó ẹnì kan ni, etí gbogbo àdúgbò ló ń jẹ ẹ́.

Hẹ́dìfóònù ní tirẹ̀, irinṣẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1910, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Nathaniel Baldwin, ní ìpínlẹ̀ Utah, ń ṣe é nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó sì tà á fún àwọn ọmọ ogun ojú omi. Wọn ò fi gbọ́ orin, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, kí wọ́n lè gbọ́ ìfiránṣẹ́ tí kò dún ketekete. Ó di 1958 kí John Koss, ní ìlú Milwaukee, tó gbé èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ orin ní etí méjèèjì jáde. Nígbà tó di 1979, Sony ti Japan gbé Walkman jáde, orin wá di ohun tí ènìyàn ń gbé rìn.

Nígbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní àwọn ọdún 1980, àwọn tó ti Ìlú Ọba dé la kọ́kọ́ rí Walkman lára wọn. Wọ́n á fi há bẹ́líìtì, wọ́n á fi ti etí bọ̀, wọ́n á máa mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí àwa ò lè gbọ́. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ń kó ènìyàn jọ. Walkman ń dá ènìyàn yà sọ́tọ̀. Ohun tí a sì ń jowú nígbà náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kì í ṣe orin. Wáyà yẹn ni, pé kí àwọn èèyàn rí i.

Nígbà tí GSM dé ní 2001, íápíìsì wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í kún ìgboro, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀ títí ó fi di ohun tí ọmọdé ń kiri lójú títì. Ènìyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Rárá o. Ní 2008, Dr. Dre, olórin Amẹ́ríkà, àti Jimmy Iovine gbé hẹ́dìfóònù Beats jáde. Ó tóbi, ó ní lẹ́tà b lára, gbajúmọ̀ olórin àti eléré ìdárayá ń gbé e kọ́ ọrùn. Ohun tó yẹ kó kéré sí i padà tóbi, kí ojú lè rí i. Ní 2014, Apple ra ilé iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù 3 dọ́là. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ronú sí iye yẹn. Kì í ṣe wáyà àti rọ́bà ni wọ́n san án lé lórí. Orúkọ wà nínú ohun tí wọ́n rà.

A ò ní sọ pé kò sí ọgbọ́n kankan nínú àwọn èyí tó wọ́n. Ó wà. Amar Bose, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, wà nínú ọkọ̀ òfuurufú ní 1978, ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kó gbádùn orin tó ń gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, ó sì di 1989 kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ta èyí tí awakọ̀ òfuurufú ń lò. Ó di 2000 kí àwa mẹ̀kúnnù tó rí tiwa rà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: máíkì kékeré tó wà lára rẹ̀ á gbọ́ ariwo ìta, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á ṣe ohùn mìíràn tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn méjèèjì á pa ara wọn. Ariwo tó ń kùn lójú kan ló lágbára lé lórí jù. Jẹnẹrétọ̀, fáànù, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ohùn ènìyàn tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ lè pa á. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ogún ọdún wá, ó yẹ kí wọ́n gba owó lé e. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn ti di ọ̀pọ̀ báyìí, ó ti wà lára àwọn tí owó wọn ò ga rárá.

Ṣé èyí tó wọ́n jù ló dún jù? Ní 2017, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Jeroen Breebaart tẹ èsì ìwádìí jáde lórí hẹ́dìfóònù àti íápíìsì 283. Ó wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ohùn jáde, ohùn kíkẹ̀ àti ohùn tó rinlẹ̀, ó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó rẹ̀. Kò rí i pé owó àti bí ohùn ṣe tò ń bá ara wọn rìn. Èyí kò ní ká sọ pé gbogbo wọn dọ́gba o. Àwọn kan rọ̀ létí, àwọn kan le bí igi, àwọn kan ń tètè já. Ohun tó sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi owó nìkan mọ ohùn. Àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò gan-an, púpọ̀ wọn ṣì ń lo Sony MDR-7506, tó ti wà lọ́jà láti 1991, tí owó rẹ̀ ò sì ga. Iṣẹ́ wọn ni, wọn ò sì nílò ọlá lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tiwa wàyí. Nígbà tí Apple gbé AirPods Max jáde ní oṣù Kejìlá 2020, 549 dọ́là ni wọ́n pè é. Nígbà náà, dọ́là kan jẹ́ bíi 380 náírà ní báǹkì, owó oṣù tó kéré jù sì jẹ́ 30,000 náírà. Ẹ sọ ọ́ di náírà, ó lé ní 208,000, ìyẹn bí owó iṣẹ́ oṣù méje. Ní 2024, dọ́là kan kọjá 1,500 náírà, owó oṣù tó kéré jù di 70,000. Nǹkan kan náà di 823,500 náírà: owó iṣẹ́ bí oṣù méjìlá. Hẹ́dìfóònù ò yí padà. Orí wa ò sì tóbi sí i. Náírà wa ló rù. Nítorí náà, nígbà tí ará Amẹ́ríkà bá ní ó tó owó rẹ̀, ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa pátápátá.

Ibi tó kan àwa ọlọ́jà nìyí. Ibi tí owó bá ti kún orúkọ, ayédèrú kì í jìnnà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ra ọjà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta fún wa ní kátọ́ọ̀nù. Páálí rẹ̀ pé, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ń dán. A tà á fún ọmọ ìjọ wa kan ní owó ojúlówó, pẹ̀lú ọkàn kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí etí ọ̀tún fi kú, bátìrì rẹ̀ sì wú. Nígbà tí a tú u, irin pẹlẹbẹ kan la bá nínú rẹ̀, tí wọ́n fi sí i kó lè wúwo lọ́wọ́. A dá owó rẹ̀ padà láti inú owó iléèwé àwọn ìbejì. Ẹni tó tà á fún wa kò gbé fóònù mọ́ títí dòní. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá ní ìlú onílùú sàn ju èrè ọjà kan lọ.

A wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé kì í ṣe àwa nìkan. Ní 2015, ẹnjiníà kan ní Amẹ́ríkà tú hẹ́dìfóònù Beats, ó ṣírò ohun èlò inú rẹ̀, ó ní kò tó 20 dọ́là, ìròyìn náà sì tàn ká ayé. Ó padà jáde wá sọ pé èyí tí òun tú yẹn, ayédèrú ni. Bí ẹni tó kàwé nípa rẹ̀ bá lè ṣubú, ta ni ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń rajà ní ẹ̀bá títì?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ìyùn àti sányán. Àwọn bàbá wa san owó ńlá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rà dàgbà jù wọ́n lọ. Sányán bàbá àgbà wà nínú àpótí títí dòní. Hẹ́dìfóònù olówó ńlá ti òde òní, bátìrì ni ẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bátìrì á rẹ̀ ẹ́, a kì í sì í sábà rí ẹni tó lè pààrọ̀ rẹ̀ níbí. Ọlá tó ní ọjọ́ ikú, a ò gbọdọ̀ san owó ogún lé e. Lójú tiwa, ibi tí ìdájọ́ wà nìyẹn: ẹ sanwó fún iṣẹ́ tó máa ṣe àti iye ọdún tó máa fi ṣe é. Ohun tó bá kù lórí rẹ̀, owó orúkọ ni, ẹni tó bá ní in láti fi ṣeré kó máa fi ṣeré.

Ọmọ náà wá fúnra rẹ̀ ní Sátidé. A bi í léèrè, kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wá sọ pé yàrá tí òun gbà, jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ló yí fèrèsé òun ká, òun ò lè kàwé lálẹ́. Ojú ti àwa náà díẹ̀, nítorí a ti rò pé fáàrí lásán ni. A tan jẹnẹrétọ̀ tiwa, a fi mẹ́ta tó ń pa ariwo sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, a bo orúkọ ara wọn mọ́lẹ̀. Èyí tó mú, owó rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́fà èyí tó wà nínú àwòrán. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tó kù á tó fi kún owó ilé. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.

A kìlọ̀ nǹkan kan fún un kó tó lọ, a sì ń kìlọ̀ ẹ̀ fún gbogbo òbí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan ló wà nínú ewu kí etí wọn bàjẹ́ nítorí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ nǹkan sókè jù. Olówó ńlá ni tàbí ti ẹ̀bá títì, etí kan náà ló ń wọ̀, etí ò sì ní pàtì lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rà rí tó wọ́n, tó sì tó owó rẹ̀ lóòótọ́? Èwo lẹ rà tẹ́ ẹ kábàámọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa, kí àwọn ọmọ wa lè kà á.