Ìwé Àyọkúrò àti Ìwé Àfikún: Bí Ìjọba Ṣe Wọ Àárín Olùtà àti Olùrà ní Ilẹ̀ Íńdíà

Láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti ń ná ọjà ni ọjà ti ń padà sílé ẹni tí ó tà á. Aṣọ a máa ní àbùkù tí olùrà kò rí títí tí ó fi tú u nílé. Ọkà a máa dín nínú àpò. Olùtà pàápàá a sì máa ṣi owó kà, kí ó gba iye tí kò tó iye ọjà rẹ̀. Ta ni a gbọ́dọ̀ pè jẹ́rìí nígbà tí a bá ń tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìbéèrè yìí lè má tó nǹkan lójú ẹni tí kò tajà rí, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí òwò ti lọ́jọ́ lórí, ìdáhùn rẹ̀ ti yí padà pátápátá láàárín nǹkan bí 70 ọdún.

Àwọn oníṣòwò Gujarat àti àwọn Marwari, ìran a-rìn-jìnnà-nájà, ọmọ a-fi-tákàdá-rán-owó-níṣẹ́, kì í fẹ́ ru owó la igbó olè kọjá; ìwé tí wọ́n ń pè ní hundi ni wọ́n ń kọ ní Surat, kí ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó wà ní Agra lè san owó náà fún ẹni tí ó bá mú un wá. Nínú ilé, bahi-khata ni ìwé ìṣirò wọn, ìwé gbọọrọ tí a fi aṣọ pupa dì. Bí ọdún Diwali bá sì dé, àwọn ará Gujarat a gbé ìwé tuntun síwájú Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀ wọn, kí wọ́n tó fi kálàmù kàn án. Bí ọjà bá padà, ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé yìí ti tó: olùtà yóò yọ iye rẹ̀ kúrò nínú gbèsè oníbàárà, oníbàárà yóò kọ bákan náà sínú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọba ń gba owó bodè lórí ẹrù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó kàn án nípa ìlà yẹn.

Nígbà tí Íńdíà gba òmìnira, tí òfin ìpilẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1950, a pín owó-orí sí méjì: ìjọba àpapọ̀ ń gbà á lórí ohun tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ bá ṣe, ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà á lórí ohun tí a bá tà. Bí ẹrù ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni owó-orí ń gun orí owó-orí, tí ẹrù náà sì ń wúwo lórí ẹni tí yóò rà á kẹ́yìn. Ilẹ̀ Faransé ni ọgbọ́n mìíràn ti yọ ní ọdún 1954, nígbà tí Maurice Lauré gbé e kalẹ̀ pé kí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan san owó-orí lórí ohun tí ó tà, ṣùgbọ́n kí ó yọ iye tí ó ti san nígbà tí ó ń ra ọjà kúrò, bí ó bá ní ìwé tí yóò fi hàn. Ọgbọ́n náà tàn kálẹ̀. Ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1994. Ní Íńdíà, V. P. Singh, mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, kọ́kọ́ mú un wọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọdún 1986, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì gbà á lórí ọjà títà ní ọdún 2005.

Ibẹ̀ ni ọjà àdápadà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Ká ní aláṣọ kan ní Surat ta aṣọ 100,000 rúpì, tí ó fi 5,000 rúpì owó-orí lé e. Òun yóò san 5,000 náà fún ìjọba, olùrà yóò sì yọ 5,000 kan náà kúrò nínú gbèsè owó-orí tirẹ̀. Bí ìdajì aṣọ bá padà, aláṣọ yóò fẹ́ gba 2,500 rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùrà bá dákẹ́ sórí 5,000 tí ó ti yọ, àpò ìjọba ni yóò jò.

Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé: ó di òru tí ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2017 mọ́, nínú gbọ̀ngàn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Delhi, níṣojú Ààrẹ Pranab Mukherjee àti Narendra Modi, olórí ìjọba, kí a tó so gbogbo owó-orí wọ̀nyí pọ̀ di GST, owó-orí kan ṣoṣo lórí ọjà àti iṣẹ́. Ẹ̀ka 34 òfin GST yan ìwé méjì fún àtúnṣe: credit note, ìwé àyọkúrò, bí ọjà bá padà, bí ó bá lábùkù, tàbí bí owó-orí bá ti pọ̀ jù, debit note, ìwé àfikún, bí ó bá ti kéré jù. Olùtà ni yóò kọ méjèèjì. Bí ọdún ìṣirò bá parí ní ìparí oṣù Kẹta, olùtà tí kò bá tíì fi ìwé àyọkúrò rẹ̀ han ìjọba títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ti pàdánù ẹ̀dín owó-orí yẹn.

Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn kan ń kọ ìwé ọjà tí a kò tà rí, kí wọ́n lè yọ owó-orí tí ẹnikẹ́ni kò san. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, oníṣòwò tí òwò rẹ̀ lọ́dún bá ju bílíọ̀nù 5 rúpì lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ọjà tí ó tà fún oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti ìwé àyọkúrò àti àfikún, ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ alámì 64 kí ìwé tó di ìwé. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2023, a ti rẹ ààlà náà sílẹ̀ dé mílíọ̀nù 50. Ẹni tí ó bá ṣàṣìṣe ní wákàtí 24 láti pa ìwé náà rẹ́; bí àkókò yẹn bá kọjá, ìwé àtúnṣe ló kù. 

Láti ọdún 2025, òfin ti là á yéni pé olùtà kò lè dín owó-orí rẹ̀ kù bí olùrà kò bá tíì dá èyí tí ó yọ padà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òtítọ́ ni pé ọ̀nà ti há fún onímàgòmágó, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n aláṣọ tí oníbàárà rẹ̀ bá ya ọ̀lẹ ni yóò fi owó ara rẹ̀ dúró dè é. Àwọn baba ńlá oníṣòwò wọ̀nyí fi ọkàn tán ara wọn, ìjọba kò sì pa ìfọkàntán náà. Ẹ̀tọ́ láti dá ẹjọ́ òwò parí láàárín ẹni méjì ni ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú tí ó bá fẹ́ gba irú owó-orí yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé pípàdánù ẹ̀tọ́ yẹn náà wà nínú iye rẹ̀.